Ta ló purọ́ nípa Gormenghast?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mọ̀mí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí, mo sì fẹ́ràn ìtàn tó ní ẹ̀rù àti àràmàǹdà nínú. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ máa ń pààrọ̀ ìwé sọ pé kò sí ìwé tó dà bíi Titus Groan tí Mervyn Peake kọ, pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni òun ti kà á. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní tiẹ̀ ní ìwé náà sú òun débi pé òun ti fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ kí òun tó kà á dé ìdajì. Mo ti dé ojú ìwé 90 báyìí. Ọmọ tuntun kan ni wọ́n bí, n kò tíì rí nǹkan mìíràn tó ṣẹlẹ̀. N kò rí oṣó, n kò rí àjẹ́, n kò rí iwin. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dùn mọ́ mi níbì kan, ó ń rẹ̀ mí níbòmíràn. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ nínú àwọn méjèèjì? Ṣé kí n máa kà á lọ ni, àbí kí n gbé e jù sílẹ̀?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, kò sí ẹni tó purọ́ fún ọ nínú wọn. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì rí. Ọ̀rẹ́ rẹ rí ìwé tí kì í kánjú, ó sì jókòó tì í. Ẹ̀gbọ́n rẹ rí ìwé tí kì í kánjú, ó sì dìde níbẹ̀. Láti bí ọgbọ̀n ọdún tí mo fi kọ́ni ní lítíréṣọ̀, mo ti gbọ́ ẹjọ́ ìwé yìí lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, èmi fúnra mi sì ti rò ó, nítorí ìgbà àkọ́kọ́ tí mo mú un, n kò kà á tán. Ohun tí mo wá ṣàkíyèsí ni pé ojú ìwé kan náà ni àwọn tó ń yìn ín àti àwọn tó ń bú u máa ń ṣí hàn mí. Ọ̀pọ̀ ìwé ló jẹ́ pé apá kan rẹ̀ dára, apá kan kò dára, tí kálukú wá mú èyí tó wù ú sọ. Ti ìwé yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tó mú ẹnì kan ṣí ẹnu sílẹ̀ láìmọ̀ gan-an ló mú ẹlòmíràn sùn lọ.

Fún àwọn tí kò tíì fojú kàn án, ìwé mẹ́ta ló wà: Titus Groan jáde ní ọdún 1946, Gormenghast tẹ̀ lé e ní 1950, Titus Alone jáde ní 1959. Gormenghast ni orúkọ ilé olódi tí ìtàn ìwé méjì àkọ́kọ́ ti ṣẹlẹ̀, ilé olókùúta tó ti gbó kọjá ìrántí, tó fẹjú lọ bí ìlú, tí àwọn ìyẹ̀wù kan wà nínú rẹ̀ tí ẹsẹ̀ ènìyàn kì í tẹ̀ mọ́. Ìdílé Groan ló ni ín. Titus, ọmọ tí wọ́n bí ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn, ni yóò jẹ́ ẹnì kẹtàdínlọ́gọ́rin tó jẹ oyè náà. Sepulchrave, bàbá rẹ̀, jẹ́ ẹni tí ìbànújẹ́ ti wọ̀ lára, àárín ìwé nìkan ló ti ń rí ìtura. Ìyá rẹ̀ fẹ́ràn ẹyẹ àti àwọn ológbò funfun ju ọmọ ènìyàn lọ. Fuchsia, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí kò sí ẹni tó ń ro tiẹ̀ mọ́ tara ẹni. Ọjọ́ tí wọ́n bí Titus gan-an ni ọmọdékùnrin kan nínú ilé ìdáná, Steerpike, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, sá kúrò lábẹ́ ọ̀gá rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà àtidé òkè.

O ní o kò rí oṣó, o kò rí àjẹ́. O kò ní rí wọn. Kò sí oògùn nínú ìwé yìí, kò sí iwin, kò sí ọfọ̀ tí ẹnì kan pè tí ògiri fi lanu. Ẹ̀sùn tí mo máa ń gbọ́ jù lọ nìyẹn, mo sì mọ ibi tó ti wá. Titus Groan ti wà lórí àtẹ fún ọdún mẹ́jọ kí apá àkọ́kọ́ ìtàn òrùka tí Tolkien kọ, The Lord of the Rings, tó jáde ní 1954. Àmọ́ nígbà tí ti Tolkien wá gbòde ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1965 sí 1970, ilé iṣẹ́ Ballantine, tó ń tẹ ti Tolkien ní ìwé ẹlẹ́yìn rírọ̀, tẹ ti Peake náà síta. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń tò wọ́n sórí pẹpẹ kan náà. Ẹni tó bá wá wá ogun àti dírágónì yóò gbé Titus Groan lọ sílé, yóò ṣí i, yóò bá bàbá arúgbó kan tó ń nu eruku lára ère. Ilá ni wọ́n dì fún un, ẹ̀fọ́ ló wá rà. Ilá náà kò bàjẹ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò lè dùn. Bí o bá ka ohun tí àwọn òǹkàwé ń sọ, tí o sì yọ gbogbo àwọn tó wá ra ẹ̀fọ́ kúrò, ìdajì èébú náà yóò lọ.

Kí ló wá dé tí a fi ń pè é ní ìtàn àràmàǹdà, tí a tún ń pè é ní gothic? Nítorí ilé náà ni. Ibi tí Gormenghast wà kò sí nínú àwòrán ilẹ̀ ayé kankan. Nínú ìtàn gothic, láti nǹkan bí àádọ́ta-lé-rúgba ọdún sẹ́yìn tí àwọn òyìnbó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́, ilé ni ó máa ń bani lẹ́rù ju òkú lọ: ilé tó tóbi ju àwọn tó ń gbé inú rẹ̀, ohun tí àwọn tó ti kú ṣe tí àwọn tó wà láàyè ń rù, ìyẹ̀wù tí a tì pa, wèrè tó ń jà nínú ìdílé. Peake kó gbogbo èyí, ó yọ iwin kúrò, ó fi ilé sílẹ̀. Ilé yẹn ni iwin rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí bí ó ṣe ń falẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Rántí orí àkọ́kọ́. Lẹ́yìn odi, àwọn kan ń gbé inú ahéré amọ̀, iṣẹ́ ọnà igi gbígbẹ́ sì ni ayé wọn. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ kìíní oṣù Okúdù, wọn yóò kó ohun tí wọ́n gbẹ́ wá. Mẹ́ta péré ni wọn yóò mú. Àwọn tó kù, iná ni wọn yóò sun wọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀bùn tí ẹni tó yege gbà ni pé kí ó lè máa rìn lórí odi nígbà tí òṣùpá bá mọ́lẹ̀ kíkún, lẹ́ẹ̀kan ní oṣù méjì-méjì. Mẹ́ta tí wọ́n mú ńkọ́? Wọn yóò gbé wọn lọ sí gbọ̀ngán kan lókè pátápátá ilé náà, níbi tí Rottcodd ti ń ṣọ́ wọn, tó ń nu eruku wọn, tó ń sùn nínú ibùsùn alásokọ́, tí ẹnikẹ́ni kì í wá wò wọ́n.

Ẹni tó bá ń ka ìwé fún ohun tó ṣẹlẹ̀ yóò sọ pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Òtítọ́ ni. Ọkùnrin kan ń nu eruku, ọkùnrin mìíràn tí orúnkún rẹ̀ ń dún bí igi gbígbẹ tó ń ṣẹ́ wá sọ fún un pé wọ́n ti bí àrólé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ti rí gbẹ́nàgbẹ́nà lẹ́nu iṣẹ́ rí, ẹ jókòó kí ẹ ro ohun tí Peake ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Odidi ìlú kan ń fi ẹ̀mí gbẹ́ igi. Èyí tó dára ni wọ́n ń sun. Èyí tó dára jù lọ ni wọ́n ń gbé lọ síbi tí ojú kò ti ní rí i mọ́. Kò sì sí ẹnìkan, àtẹni tó ń gbẹ́ ẹ àtẹni tó ń sun ún, tó bèèrè ìdí rẹ̀. Gbogbo ìtàn tó ń bọ̀ ti wà nínú orí kan yẹn. Nígbà tí mo kà á lẹ́ẹ̀kejì ni mo tó mọ̀, mo sì tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀ kí n lè kà á lẹ́ẹ̀kẹta kí n tó lọ síwájú.

Èmi gbà pé etí tí a fi gbọ́ oríkì dàgbà lè gbọ́ ìwé yìí dáadáa ju etí ọ̀pọ̀ òyìnbó tó ń kà á lọ, bí a bá jẹ́ kó gbọ́ ọ. Nígbà tí ìyá àgbà bá ń ki ọmọ, ta ló ń bèèrè pé, "Kí ló wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà?" Kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Orúkọ ń gun orúkọ, àwòrán ń gun àwòrán, títí tí ẹni tí a ń kì yóò fi wú lójú gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀. Bí Peake ṣe ń kọ nìyẹn. Kì í rọ́ ìtàn Gormenghast, ó ń kì í ni. Lọ sí orí tó ń jẹ́ "The Great Kitchen" tí o ti kà kọjá, kí o tún un kà, ṣùgbọ́n sókè ni kí o kà á. Àwọn ọkùnrin méjìdínlógún wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa fọ ògiri ilé ìdáná lọ. Wọ́n bí wọn sínú iṣẹ́ náà ni, bí bàbá ṣe ṣe é ni ọmọ yóò ṣe é. Ojú wọn ti di pẹrẹsẹ, ó ti di eérú bí òkúta tí wọ́n ń fọ̀. Ariwo ilé ìdáná náà kì í wọ̀ wọ́n létí, nítorí etí wọn ti di. Mo ti ka orí yìí sókè fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nínú kíláàsì rí, àwọn tó ń ráhùn pé ìwé náà sú wọn. Kíláàsì pa rọ́rọ́. Ojú nìkan ni wọ́n ti ń fi kà á tẹ́lẹ̀, ojú sì máa ń fẹ́ sáré kọjá ibi tí etí fẹ́ dúró sí.

Ohun mìíràn tó yẹ kí o mọ̀ ni pé ayàwòrán ni Peake kó tó di òǹkọ̀wé ìtàn. Òun ló ya àwòrán sínú ọ̀pọ̀ ìwé olókìkí, irú bí ìtàn Alice àti ìtàn erékùṣù ìṣúra tí Stevenson kọ. Ó máa ń ya àwọn ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ojú ìwé tó ń kọ lọ́wọ́. Orílẹ̀-èdè Ṣáínà ni wọ́n bí i sí, ní 1911, níbi tí bàbá rẹ̀ ti jẹ́ dókítà míṣọ́nnárì, inú ọgbà míṣọ́nnárì olódi ní Tianjin ló sì ti dàgbà títí wọ́n fi padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ alámèyítọ́ gbà pé ibẹ̀ ni ìtàn ọmọ tí odi yí ká ti bẹ̀rẹ̀. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Steerpike bá gun orí òrùlé, tó wo ọ̀kánkán, tó rí ẹṣin kan àti ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi tó dá sí orí ilé ìṣọ́ kan lọ́nà jíjìn, má bèèrè ohun tí ẹṣin ń ṣe lókè. Ìtàn kò ní padà sídìí rẹ̀ mọ́. Ayàwòrán rí i, ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ojú ìwé yẹn ni ọ̀rẹ́ kan tí a jọ kọ́ni fi hàn mí pé òun kò ní ka ìwé náà mọ́, pé òǹkọ̀wé ń fi àkókò òun ṣòfò. Ojú ìwé yẹn náà ni mo fi fẹ́ràn rẹ̀.

Má rò pé àìmọ̀wé ló ń mú kí èrò yapa. Àwọn tí ìwé jẹ́ iṣẹ́ wọn náà kò fẹnu kò. Graham Greene, tí orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ka Titus Groan kó tó di títẹ̀, nítorí òun àti ilé iṣẹ́ Eyre & Spottiswoode tó tẹ̀ ẹ́ ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Ó kọ lẹ́tà sí Peake pé ìjákulẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ibẹ̀ jẹ́ fún òun, pé lọ́pọ̀ ìgbà ló ń ṣe òun bíi pé kí òun fún un lọ́rùn, nítorí ó ń fi ọ̀lẹ ba ìwé tó yẹ kó dára gan-an jẹ́. Gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Ẹni tí ìwé kò jọ lójú kò ní bínú tó bẹ́ẹ̀. Peake gbé ìwé náà padà, ó tún un ṣe, Greene sì tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó jáde, Elizabeth Bowen, òǹkọ̀wé ìtàn bíi tiwọn, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn tí yóò fẹ́ràn rẹ̀ kò ní pọ̀, ṣùgbọ́n pé ìfẹ́ wọn yóò gbóná, àti pé ìran kọ̀ọ̀kan ni yóò máa bí tirẹ̀. Ó lé ní àádọ́rin ọdún tó ti sọ ọ́, bí ó sì ṣe rí gan-an nìyẹn. Ní 1951, Ẹgbẹ́ Lítíréṣọ̀ Ọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún Peake ní ẹ̀bùn Heinemann, èyí tí owó rẹ̀ jẹ́ ọgọ́rùn-ún pọ́ùn, nítorí ìwé kejì àti ìwé ewì rẹ̀ kan. Pẹ̀lú ẹ̀bùn yẹn náà, òun àti ìdílé rẹ̀ kò rí èrè gidi lórí rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. C. S. Lewis, ẹni tó kọ ìtàn Narnia, kọ̀wé sí i ní 1958 láti dúpẹ́. Kókó ohun tó sọ ni pé àwọn tó ń fi ohun tí a kò rí rí kún ayé wa wúlò fún òun ju àwọn tó kàn ń sọ̀rọ̀ lórí ohun tí a ti mọ̀.

Èyí kò túmọ̀ sí pé gbogbo ẹ̀sùn ni mo ń dá nù. Àwọn kan wà tí mo gbà. Ìtàn Keda, obìnrin tó wá láti àárín àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà láti fún Titus lọ́mú, kò wọ ara ìwé náà dáadáa. Nígbà tó bá jáde sí aginjù, èdè náà di fùkẹ̀fùkẹ̀, gbogbo nǹkan di ìmí ẹ̀dùn, n kò sì gba ìfẹ́ náà gbọ́. Fò ó bí o bá fẹ́, lẹ́yìn náà kí o padà síbẹ̀. Ẹ̀sùn kejì kan àwọn ìbejì, Cora àti Clarice, àwọn arábìnrin Sepulchrave. Peake fi wọ́n ṣe aláìlọ́gbọ́n tí ohùn wọn kò ní adùn, tí ẹnikẹ́ni lè fi ọ̀rọ̀ dídùn darí. Èmi tí mo bí ìbejì kò lè kà á láìní ìbínú díẹ̀. Láàárín wa, ìbejì kì í ṣe ẹni tí a ń rẹ́rìn-ín sí, a ń kì wọ́n ni, a ń sè ẹ̀wà fún wọn. Òǹkọ̀wé náà kò jẹ wá ní gbèsè ìyẹn, ilẹ̀ rẹ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí dùn mí. Síbẹ̀, bí mo ṣe ń dàgbà ni mo ń rí i pé àwọn méjèèjì ni ilé náà kọ̀ sílẹ̀ jù lọ, pé òmùgọ̀ wọn kò yàtọ̀ sí ti ọmọ tí a kò bá sọ̀rọ̀ rí.

Ẹ̀sùn tí n kò gbà ni èyí tó sọ pé àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kì í ṣe ènìyàn, pé wọ́n dà bí eré ọmọdé, pẹ̀lú orúkọ wọn tó ń pani lẹ́rìn-ín àti ara wọn tí a sọ di ràbàtà. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì bá Fuchsia gun àkàsọ̀ lọ sí àjà rẹ̀. Ọmọbìnrin tó ní ibì kan ṣoṣo láyé tó jẹ́ tirẹ̀, tó mọ gbogbo igun rẹ̀ lókùnkùn, tí àjèjì kan sì wá gba ojú fèrèsé wọ ibẹ̀: kò sí ẹ̀rín nínú ìyẹn. N kò ní sọ ohun tó dé bá a nínú ìwé kejì. Ohun tí mo lè sọ ni pé mo mọ àwọn obìnrin tí kò tíì dárí ji Peake títí di òní, ìbínú wọn sì tọ́ sí i. Ìbínú téèyàn máa ń ní fún ẹni tó fi ọmọ ẹni ṣeré ni.

Ìyapa èrò tó jinlẹ̀ jù lọ, tí àwọn òǹkàwé kì í sábà dárúkọ, wà lórí àṣà. Ìwé ńlá mẹ́ta wà níwájú Sepulchrave láràárọ̀. Àkọ́kọ́ sọ ohun tí yóò ṣe ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, aṣọ tí yóò wọ̀, bí yóò ṣe gbé ọwọ́. Ojú ewé ìwé kejì kò ní ọ̀rọ̀ kankan, àmì lásán ni. Ẹ̀kẹta ń tọ́ka láti ibì kan sí ibòmíràn. Peake sọ ọ́ pé ká ní Sepulchrave fi íǹṣì mẹ́ta kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, aṣọ náà ì bá yàtọ̀, ọ̀nà tí yóò gbà rìn ì bá yàtọ̀. Ẹni tó mọ ààfin nílé wa yóò kọ́kọ́ mi orí, yóò ní òun mọ irú èyí: ọba kì í ṣe èyí, ọba kì í wo ibẹ̀ yẹn, ọjọ́ báyìí ni ètùtù báyìí. Ṣùgbọ́n má sáré. Nínú ètùtù wa, a mọ ẹni tí a ń bọ. Bí o bá bèèrè lọ́wọ́ abọrẹ̀, ó lè má dá ọ lóhùn, ṣùgbọ́n ó mọ̀. Nínú Gormenghast, kò sí òrìṣà nídìí rẹ̀, kò sí Ọlọ́run, kò sí ẹni tó mọ ohun tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Igbá ìrúbọ wà, ẹni tí a ń rúbọ sí kò sí.

Nígbà tí Steerpike bá wá dé, tó wo gbogbo èyí, tó rí i pé òfìfo ni, àwọn òǹkàwé máa ń pín sí méjì. Àwọn kan, pàápàá àwọn ọ̀dọ́, ń bá a gun òkè. Ọmọ ilé ìdáná ni, wọ́n lù ú, wọ́n fi í ṣẹ̀sín, ọgbọ́n rẹ̀ ju ti gbogbo ilé lọ. Kí ló dé tí kò fi yẹ kó borí? Àwọn mìíràn ti rí i láti ọjọ́ kìíní pé kò fẹ́ràn ohun alààyè kankan. Èmi bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn àkọ́kọ́, mo parí sọ́dọ̀ àwọn ìkejì, mo sì gbà pé bí Peake ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn. Ó fẹ́ kí o kọ́kọ́ fún un lọ́wọ́ láti gun òkè. Ẹni tó bá parí ìwé náà tó ṣì ń bínú pé òǹkọ̀wé kò dá àṣà lẹ́bi tó, tàbí pé ó dá a lẹ́bi jù, kò ṣi ìwé kà. Titus fúnra rẹ̀ kò mọ èyí tó tọ́, ó fẹ́ràn ilé náà, ó sì fẹ́ sá fún un.

Òkùnkùn inú rẹ̀ ńkọ́? Àwọn kan á ní ó ń mú ọkàn wúwo. Inú ogun ni wọ́n ti kọ ìwé àkọ́kọ́. Wọ́n mú Peake wọ iṣẹ́ ológun ní 1940, ọkàn rẹ̀ dàrú níbẹ̀ ní 1942, wọ́n sì dá a sílẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ní 1945, wọ́n rán an lọ ya àwòrán ní Jámánì, ó sì wọ Belsen, àgọ́ ìjìyà tí ìjọba Násì kó àwọn ènìyàn sí, nígbà tí àwọn tó wà níbẹ̀ ṣì ń kú lójú rẹ̀. Obìnrin kan wà nínú Titus Alone tí wọ́n ń pè ní Black Rose, tó ti inú irú àgọ́ bẹ́ẹ̀ jáde. Ka ojú ìwé rẹ̀, wàá mọ̀ pé kì í ṣe àròsọ ló ti rí i. Ìwé kẹta yìí ni èrò ti yapa jù. Titus ti jáde kúrò nílé, ó bọ́ sínú ayé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti ẹ̀rọ, orí ìwé rẹ̀ kúrú, ó ń já. Àìsàn tó ń mú ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, tó ń jẹ ọpọlọ rẹ̀, ti wọlé sí i lára nígbà tó ń kọ ọ́. Ẹ̀dà tó jáde ní 1959 ti kọjá lábẹ́ ọ̀bẹ àwọn olóòtú, ní 1970 ni Langdon Jones tó fi ìwé àfọwọ́kọ tún un tò, èyí sì ni wọ́n ń tẹ̀ báyìí. Peake ti kú ní oṣù Bélú ọdún 1968, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Ẹni tó bá ń ṣe ìdájọ́ ìwé kẹta, kí ó mọ bí ọwọ́ tó kọ ọ́ ṣe rí.

Ní ti àwọn ọ̀rọ̀ tí o ń kà àti èyí tí o ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn, má ka ìdájọ́ wọn, ka ìdí tí wọ́n fi dá a. "Ó sú mi" kò sọ nǹkan kan fún ọ. "Ojú ìwé méjì ló fi ṣàpèjúwe bí ìmọ́lẹ̀ ṣe kan ògiri" sọ gbogbo rẹ̀. Bi ara rẹ bóyá ìwọ yóò fẹ́ dúró wo ògiri náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ ti sọ ìdajì fún ọ. Bi í léèrè ojú ìwé tó ti dìde, kí o lọ kà á fúnra rẹ.

Ohun tí n bá ṣe nípò rẹ nìyí. O ti ní ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dùn mọ́ ọ níbì kan, èyí tó fi hàn pé ilẹ̀kùn ti ṣí díẹ̀. Padà sí "The Great Kitchen", kà á sókè, ní alẹ́, nígbà tí ilé bá dákẹ́. Má ka ju orí méjì tàbí mẹ́ta lọ lójúmọ́. Àwọn orí rẹ̀ kò gùn. Bá a lọ báyìí títí dé ìpàdé tí ìdílé náà ṣe nínú ilé ìkàwé Sepulchrave. Láti ibẹ̀ lọ, ìtàn náà yóò sáré débi tí wàá fi bẹ̀ ẹ́ kó rọra. Bí o bá dé ibẹ̀ tí ọkàn rẹ kò tíì sí nínú rẹ̀, fún ẹlòmíràn, kí o má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé o kò mọ ìwé kà. Má wo eré tẹlifíṣọ̀n tí BBC fi ṣe ní 2000 kí o tó ka ìwé méjèèjì tán, nítorí yóò fún ọ ní ojú àwọn ènìyàn náà kí Peake tó fún ọ.

Nígbà tí o bá sì pàdé Barquentine, arúgbó ẹlẹ́sẹ̀ kan tí ẹnu rẹ̀ burú, kọ̀wé sí mi. Nínú gbogbo ilé náà, òun nìkan ló fẹ́ràn àṣà pẹ̀lú gbogbo ọkàn rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ṣòroó fẹ́ràn bíi rẹ̀. Mo fẹ́ mọ ohun tí ìwọ rò nípa rẹ̀.